Ẹsẹ̀ ń jó bí iná, ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan: ẹ̀rí tí wọ́n ń wá nínú awọ ara

Aṣọ ìbora lásán ni. Kò wúwo, kò gún ara, ṣùgbọ́n bó bá ti kan àtẹ́lẹsẹ̀ báyìí, ó dà bíi pé wọ́n da ẹyín iná sí i. Lójú ọ̀sán, ẹni náà ń rìn, ó ń ṣiṣẹ́, kò tiro. Alẹ́ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀: ẹsẹ̀ á máa jó, á máa ta bí ata, á sì dà bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún un níbí, ó ń gún un lọ́hùn-ún. Tó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n á fi òòlù kékeré kan orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ á ta sókè bó ṣe yẹ. Wọ́n á so wáyà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n á fi iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ dán iṣan rẹ̀ wò, ìwé àyẹ̀wò á jáde pé kò sí àléébù. Wọ́n á ya àwòrán ọ̀pá ẹ̀yìn, kò sí nǹkan níbẹ̀ náà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó máa ń dun irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ju ìrora lọ á wá jáde lẹ́nu ẹnì kan: "Àbí ẹ̀ ń ronú jù ni?"

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ó ti lé ní 30 ọdún báyìí tí àwọn dókítà kan ti ń wá ohun tó wà lábẹ́ ìyẹ́ yẹn, tí wọ́n ń gé awọ ara bíńtín lọ sábẹ́ maikirosíkóòpù. Skin biopsy ni wọ́n ń pè é. Gígé awọ fún àyẹ̀wò kì í ṣe tuntun; ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi wá jẹjẹrẹ, tí wọ́n ń fi wá ẹ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá orísun ìrora kò wá awọ fúnra rẹ̀ wá. Àwọn fọ́nrán iṣan ìmọ̀lára tó gba inú awọ kọjá ló ń kà, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka owó. Orí iye tó bá kà ni àríyànjiyàn wà báyìí, nítorí bí àyẹ̀wò náà ṣe ń tàn kálẹ̀ ni àwọn èèyàn ń fẹ́ kó sọ ohun tí agbára rẹ̀ kò ká.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí ẹ̀rọ oníwáyà yẹn kò fi rí nǹkan kan. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Iṣan tó ń yẹ̀ wò kọ́ ló ń dun aláìsàn.

Àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ kò rí bákan náà. Àwọn ńlá wà, tí ọ̀rá tó nípọn wé mọ́ bí rọ́bà ṣe ń bo wáyà iná. Àwọn ló ń sọ fún ọpọlọ pé nǹkan fara kàn wá, àwọn náà ló ń jẹ́ ká mọ ibi tí ẹsẹ̀ wa wà nínú òkùnkùn. Ìròyìn tiwọn lè sáré kọjá mítà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1. Àwọn tín-ín-rín sì wà, tí ọ̀rá tó bò wọ́n kò tó nǹkan tàbí tí kò tiẹ̀ sí rárá. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìròyìn ooru, òtútù, ara yíyún àti ìrora wà. Àwọn tó tín-ín-rín jù lọ, tí wọ́n ń pè ní C, kì í sáré ju nǹkan bíi mítà 2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ìrìn ẹni tó ń kánjú. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbá nǹkan, á kọ́kọ́ mọ̀ pé òun gbá nǹkan, ìrora gidi á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa wọlé bọ̀ lẹ́yìn bí àlejò tó pẹ́ lọ́nà.

Ohùn àwọn ńlá ni ẹ̀rọ yẹn ń gbọ́. Ohùn àwọn tín-ín-rín kéré jù fún un. Bí àìsàn bá jẹ àwọn tín-ín-rín tán pátá, tó fi àwọn ńlá sílẹ̀, ẹ̀rọ á ṣì sọ pé ara le. Small fiber neuropathy ni àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn yìí. Màá máa pè é ní àìsàn fọ́nrán tín-ín-rín. Ìwádìí kan tó jáde ní Netherlands ní 2013 fojú bù ú pé ó kéré tán, èèyàn 53 nínú 100,000 ló ní in. Ẹsẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú, nítorí pé ibẹ̀ ló jìnnà jù: sẹ́ẹ̀lì tó ni fọ́nrán tó dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ fìdí kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sì ní láti máa bọ́ ìkángun tó wà ní nǹkan bíi mítà 1 sí i. Bí agbára rẹ̀ bá dínkù, ìkángun ni kì í kọ́kọ́ rí nǹkan jẹ. Irú fọ́nrán tín-ín-rín yìí kan náà ló ń darí òógùn, ìlùkìkì ọkàn àti bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú, nítorí náà ẹ má yà á sí àgálámàṣà bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó bá tún ní òyì ń kọ́ òun nígbà tí òun bá dìde.

Àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Berlin

Ìtàn bí wọ́n ṣe rí fọ́nrán wọ̀nyí nínú awọ dùn ún gbọ́, àṣìṣe ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1868, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Berlin, Paul Langerhans, tí kò tíì ju ọmọ ọdún 21 lọ, fi èròjà tí wúrà wà nínú rẹ̀ pa awọ èèyàn láró. Ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì dúdú tó ní apá bí ẹ̀ka igi ní ìpele òkè awọ, ó ní iṣan ìmọ̀lára ni. Iṣan kọ́. Ó lé ní 100 ọdún kó tó hàn gbangba pé ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n, ara àwọn ọmọ ogun tó ń gbógun ti àrùn, tí wọ́n dúró sí ẹnubodè awọ. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń jẹ́ títí dòní.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn kan ń sọ pé fọ́nrán wà ní ìpele òkè awọ èèyàn, àwọn mìíràn ń sọ pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Aró tí wọ́n ń lò ló fà á. Ó lè mú lónìí, kó má mú lọ́la. Ohun tó parí ìjà náà ni purotéènì kan tí wọ́n rí nínú ọpọlọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, PGP 9.5 lorúkọ rẹ̀. Inú gbogbo fọ́nrán iṣan ló kún fọ́fọ́ sí. Wọ́n wá ṣe antibody, irú èròjà tí ara fi ń dá àrùn mọ̀, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n so àwọ̀ mọ́ antibody yẹn, ni fọ́nrán tó tín-ín-rín jù lọ pàápàá bá yọ kedere. Àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Karolinska, ní Sweden, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi wo awọ. William Kennedy àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Minnesota fi àwòrán tiwọn hàn ní 1993. Nígbà tó di 1995, àwọn ti Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ di nǹkan tí dókítà lè kà, àwọn tó ní kòkòrò HIV tí ẹsẹ̀ ń jó sì wà lára àwọn tí wọ́n gé awọ wọn wò. Ibi tí àwọn ìwé kan ti sọ pé iṣan kò fi bẹ́ẹ̀ sí yìí, igbó ni wọ́n bá níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gé e, bí wọ́n ṣe ń kà á

Gígé náà kò pẹ́ rárá. Aláìsàn á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Dókítà á wọn sẹ̀ǹtímítà 10 láti kókósẹ̀ ìta lọ sókè, á fi gègé sàmì síbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gé e káàkiri ayé, kí iye tí ẹnì kan rí lè ṣeé fi wé ti ẹlòmíì. Abẹ́rẹ́ lidocaine ló máa ń dunni jù nínú gbogbo rẹ̀: á ta, á jó fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ojú ibẹ̀ á sì kú tipiri. Irin tí wọ́n fi ń gé e dà bíi bírò tí wọ́n yọ nǹkan inú rẹ̀ sọnù, ẹnu rẹ̀ rí róbótó, ó mú bí abẹ, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mílímítà 3 lọ. Dókítà á gbé e lé awọ, á máa yí i síwá sẹ́yìn bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, á fà á yọ. Ohun tó jáde kò ju orí ìṣáná lọ. Wọn kì í rán ojú ibẹ̀. Wọ́n á fi báńdéèjì bò ó, á jiná láàárín ọjọ́ 7 sí 10, àpá kékeré á kù. Nínú 1000 èèyàn tí wọ́n gé, iye tí wàhálà máa ń bá kò pé 2, egbò tó gba kòkòrò díẹ̀ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tí egbò rẹ̀ kì í tètè jiná, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó gbé irin.

Kí èyí tó dé, bí dókítà bá fẹ́ fojú rí iṣan, odidi iṣan kan lẹ́yìn kókósẹ̀ ni wọ́n ń gé, apá kan ẹsẹ̀ á sì kú títí ayé. Èèyàn kò sì lè padà lọ gé ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Awọ ní tiẹ̀, wọ́n lè padà lọ gé e lẹ́yìn ọdún kan, ní ẹ̀gbẹ́ ojú àpá àkọ́kọ́, kí wọ́n wò ó bóyá fọ́nrán ń dínkù tàbí ó ń hù padà. Lójú tèmi, ibi tí iyì àyẹ̀wò yìí wà gan-an nìyẹn.

Inú yàrá àyẹ̀wò ni sùúrù kù sí. Wọ́n á gé ẹran bíńtín yẹn sí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan nípọn tó mílímítà 0.05, kò ju irun orí kan lọ. Ti àyẹ̀wò jẹjẹrẹ máa ń fẹ́lẹ́ ju èyí lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 10, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé e fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbí, fọ́nrán á já sí wẹ́wẹ́, kò ní ṣeé tọ̀. Wọ́n á pa á láró, wọ́n á gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Awọ á hàn ní ìpele méjì, ààlà àárín wọn á máa lọ kọ́lọkọ̀lọ bí etí odò. Nísàlẹ̀ ààlà, fọ́nrán ti di ìdìpọ̀, ó sùn gbalaja. Láti inú ìdìpọ̀ yẹn ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti ń yà, tí á sọdá, tí á máa gòkè lọ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ bí ìtàkùn, pẹ̀lú kókó kéékèèké lára bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sí okùn.

Kíkà náà lófin. Fọ́nrán tó bá sọdá ààlà, 1 ni. Bó bá sọdá tán tó wá là sí ẹ̀ka mẹ́ta, 1 náà ṣì ni. Èyí tó bá pín sí méjì kó tó dé ààlà, tí ẹ̀ka méjèèjì sì sọdá, 2 nìyẹn. Èyí tó wà lókè tí wọn kò rí ibi tó gbà sọdá, wọn kì í kà á. Ó kéré tán, pẹlẹbẹ 3 ni wọ́n á kà bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá ṣírò rẹ̀ lórí gígùn awọ. Níbi tí wọ́n ti ń gé e lẹ́sẹ̀ yìí, ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le lè ní nǹkan bí 10 nínú mílímítà 1. Itan máa ń ní jù bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí ń dín in kù, ti obìnrin sì sábà máa ń fi díẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ, ìyẹn ni àtẹ ìwọ̀n tó jáde ní 2010 fi ya ọkùnrin sọ́tọ̀, tó ya obìnrin sọ́tọ̀, tó sì pín wọn sí ìpele ọjọ́ orí.

Níbo ni iye náà ti di èyí tó kéré jù? Ká ní wọ́n mú 100 èèyàn tí nǹkan kan kò ṣe, ibi tí àwọn 5 tó kéré jù nínú wọn bọ́ sí ni wọ́n á fi ṣe ààlà. Ẹ dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ó túmọ̀ sí pé aláìlárùn 5 nínú 100 á bọ́ sábẹ́ ààlà bí wọ́n bá gé awọ wọn, láìjẹ́ pé ohunkóhun ń dùn wọ́n. Ó tún túmọ̀ sí pé ẹni tí tiẹ̀ pọ̀ láti ilẹ̀ lè pàdánù ìdajì, kí ìwé rẹ̀ ṣì máa sọ pé kò sí nǹkan. Ọgbọ́n tí yàrá àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan fi ń pa á láró tún lè yí iye padà, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi àtẹ ẹni tó lo aró tó ń tàn yòò díwọ̀n ti ẹni tó lo aró lásán. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò yìí bíi pé àyẹ̀wò oyún ni, pé ó wà tàbí kò sí. Kò rí bẹ́ẹ̀: ohun tí aláìsàn sọ, ohun tí dókítà fọwọ́ kàn lára rẹ̀, àti iye fọ́nrán gbọ́dọ̀ bára mu ká tó pe àìsàn lórúkọ.

Ohun tó ń jẹ àwọn fọ́nrán wọ̀nyí pọ̀. Àtọ̀gbẹ ló wà níwájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni HIV, ọtí àmujù, àìtó fítámì B12, àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan, ẹ̀tẹ̀, àwọn àìsàn tí ọmọ ogun ara ti ń yíjú ìjà sí ara fúnra rẹ̀, àtàwọn àìsàn ìdílé bíi Fabry. Lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, wọn kì í rí ohun tó fà á rárá. Èyí tó yẹ ká dúró lé lórí ni ti àwọn tí ṣúgà wọn ga díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì tó kí wọ́n pè é ní àtọ̀gbẹ. Fọ́nrán ti lè máa kú lára àwọn náà. Ní 2006, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tọ èèyàn 32 bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn fún ọdún kan, tí wọ́n ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ, tí wọ́n sì ń ṣe eré ìmárale. Nígbà tí wọ́n padà gé awọ itan wọn, fọ́nrán ti ń hù padà, ìrora náà sì ti lọọlẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ oníwáyà tí ì bá fi ìyẹn hàn.

Fọ́nrán dínkù, ìrora pọ̀ sí i

Ibi tó ta kókó la dé yìí. Bó bá jẹ́ pé àwọn fọ́nrán yìí ló ń gbé ìrora, tí wọ́n sì ti kú lọ, kí ló wá ń dun aláìsàn?

Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù nínú jíìnì NTRK1. Fọ́nrán ìrora kò hù lára wọn rárá. Bí wọ́n bá gé awọ wọn wò, ìpele òkè á mọ́ lóló, ibi tí òógùn ti ń jáde á dá wà láìsí iṣan kankan nídìí rẹ̀. Àwọn ọmọ yìí kì í làágùn, wọn kì í mọ ìrora. Wọ́n lè jẹ ahọ́n ara wọn, kí eegun wọn kán, kí wọ́n máa ṣeré lọ. Kò sí fọ́nrán, kò sí ìrora: èyí yéni. Ata náà ń jẹ́rìí sí i. Èròjà tó ń mú ata ta, capsaicin, ń wọlé sára fọ́nrán ìrora gba ẹnu ọ̀nà kan tí onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, David Julius, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí ní 1997. Iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tó mú kó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Bí wọ́n bá fi capsaicin tó le lé awọ, fọ́nrán tó wà lókè á ká kúrò níbẹ̀, ibẹ̀ á sì rọlẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Láti 2009 ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìlẹ̀mọ́ra tí ìdá 8 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ capsaicin ní Amẹ́ríkà. Fọ́nrán dínkù níbí náà, ìrora sì dínkù pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Shingles ni àìsàn tí kòkòrò tó ti sá pamọ́ sínú iṣan láti ìgbà èwe máa ń padà gbé dìde, tó ń sú roro sí ẹ̀gbẹ́ ara kan. Roro á gbẹ, ṣùgbọ́n lára àwọn kan, ìrora kò ní lọ. Dókítà Anne Louise Oaklander gé awọ àwọn tí ìrora kò lọ lára wọn, ó fi wé ti àwọn tí tiwọn ti lọ. Àwọn tó ń joró ni fọ́nrán wọn kéré jù.

Àlàyé tó bọ́gbọ́n mu jù ni pé kíkú fọ́nrán nìkan kọ́ ló ń dunni, àwọn tó ṣẹ́kù ni kò gbádùn mọ́. Fọ́nrán tí orí rẹ̀ ti já tó ń gbìyànjú láti hù padà lè máa ké láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹnu ọ̀nà kan tún wà lára wọn, Nav1.7, tó ń ṣí tó ń tì kí iná ìrora tó lè ràn. Ní 2012, àwọn olùwádìí ní Netherlands àti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà yẹ èèyàn 28 wò tí gígé awọ ti fi hàn pé wọ́n ní àìsàn fọ́nrán tín-ín-rín tí kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó fà á. Jíìnì ẹnu ọ̀nà yìí ti yí padà lára àwọn 8, débi pé ilẹ̀kùn náà kì í fẹ́ tì mọ́. Ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ náà kì í gbẹ́yìn. Wọ́n ti gbọ́ ariwo fún oṣù púpọ̀, wọ́n á máa gbọ́ ọ nìṣó. Wọ́n ti gé okùn agogo, agogo kò dákẹ́.

Nítorí náà, iye fọ́nrán kì í ṣe ìwọ̀n ìrora. Ẹni tó ní 2 lè máa sùn fọnfọn, ẹni tó ní 5 kò ní lè gbé ẹsẹ̀ lé ibùsùn. Ohun tí gígé awọ lè sọ ni pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí fọ́nrán. Bó ṣe ń dùn tó, ẹnu aláìsàn nìkan la ti lè gbọ́ ọ.

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ fibromyalgia di awuyewuye. Àìsàn yìí ni ìrora tó ń káàkiri ara, àárẹ̀ àti oorun tí kì í tura, àwọn tó ní in ló sì ti pẹ́ jù lẹ́nu gbígbọ́ "inú orí yín ló wà." Ní 2013, àwọn ti Massachusetts General Hospital ní Boston gé awọ èèyàn 27 tó ní in: fọ́nrán kéré jù lára ìdá 41 nínú 100 wọn, nígbà tó jẹ́ ìdá 3 péré lára àwọn tí kò ní in. Lọ́dún kan náà, àwọn dókítà ní Würzburg, ní Jámánì, rí nǹkan tó jọ ọ́. Inú ọ̀pọ̀ aláìsàn dùn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Àwọn kan tiẹ̀ sọ pé fibromyalgia ti parẹ́, àìsàn fọ́nrán tín-ín-rín ni gbogbo rẹ̀ látọjọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìdá 41 ò tó ìdajì.

Kò tán síbẹ̀. Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan mú kí èròjà kan tó ń jẹ́ glutamate pọ̀ sí i nínú apá kan ọpọlọ eku. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ eku náà, síbẹ̀ fọ́nrán ibẹ̀ dínkù. Ṣé kì í ṣe pé ìrora ló wá ń pa fọ́nrán, dípò kí ikú fọ́nrán máa fa ìrora? Ní 2021, àwọn onímọ̀ ní London, Liverpool àti Karolinska gba antibody láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní fibromyalgia, wọ́n fún eku. Ara eku bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, fọ́nrán awọ rẹ̀ sì dínkù, ìyẹn sì tọ́ka sí ìjà tí ara ń bá ara rẹ̀ jà. Èrò tèmi ni pé orúkọ kan ṣoṣo ni a fi bo àìsàn tó ju ẹyọ kan lọ, àti pé ẹni tó bá bọ́ sí abẹ́ ààlà yẹ kí wọ́n wá ohun tó fà á fún un dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí fọ́nrán rẹ̀ pé kò purọ́ ìrora. Bí àyẹ̀wò tó yẹ kó gbà wá lọ́wọ́ "kò sí nǹkan tó ṣe yín" bá tún di ohun tí wọ́n fi ń sọ ọ́, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ náà la padà sí.

Láwọn yàrá ìwádìí, awọ tí wọ́n gé ti ń ṣe ju ká kà á lọ. Láti ìgbà tí onímọ̀ ará Japan, Shinya Yamanaka, ti fi hàn ní 2007 pé sẹ́ẹ̀lì awọ àgbàlagbà ṣeé dá padà sí ipò ọmọ inú oyún, wọ́n ti lè sọ sẹ́ẹ̀lì awọ aláìsàn di sẹ́ẹ̀lì ìrora nínú abọ́. Ní Jámánì, wọ́n ṣe é fún aláìsàn kan tí oògùn kò ràn. Wọ́n dán oògùn wárápá kan, lacosamide, wò lára sẹ́ẹ̀lì inú abọ́ náà, ara sẹ́ẹ̀lì rọlẹ̀, wọ́n fún aláìsàn náà, ìrora rẹ̀ sì rọlẹ̀ gidigidi. Ẹnì kan ni o, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó ń wá oògùn náà kò jókòó: ní oṣù January 2025, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí suzetrigine, tó ń ti ẹnu ọ̀nà Nav1.8, ọmọ ìyá Nav1.7. Ìrora ojijì bíi ti iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fọwọ́ sí i fún. Wọ́n ṣì ń dán an wò fún ti iṣan tí àtọ̀gbẹ bàjẹ́. Ní Karolinska, wọ́n ti rí i lára eku ní 2019 pé fọ́nrán nìkan kọ́ ló ń mọ ìgúnni, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó wé mọ́ ọn nínú awọ náà ń mọ̀ ọ́n, PGP 9.5 kì í sì í fi ìyẹn hàn.

Langerhans sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní 1996, wọ́n gé iṣan ẹsẹ̀ eku láti mọ ohun tí á ṣẹlẹ̀ sí awọ. Fọ́nrán kú bí wọ́n ṣe retí. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́ka yẹn, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó tan akẹ́kọ̀ọ́ Berlin jẹ, wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba aró PGP 9.5, wọ́n ń tàn bí iṣan níbi tí iṣan kò sí mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá jókòó ti maikirosíkóòpù lónìí kì í fi gba ohun tó bá rí lókè gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Á máa tọ okùn náà lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ààlà, á wò ó bóyá ó sọdá. Bí kò bá sọdá, á fò ó, á lọ sórí èyí tó kàn.